Ìkíni Tí Kò Gbọdọ̀ Jẹ́ Irọ́

Sùnmọ́nù yọ Alágbàsọ, ẹ̀rọ tó ń kọ́ ataja ní ohun tó máa wí, kúrò létí, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì Ìbídùn, ó ní òun ò fi nǹkan náà sí etí òun mọ́ láyé. Fèrè kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dún ni. Gbogbo ilẹ̀kùn ìta tó wà ní Ṣakí ti ti ara wọn pa bí òfin oòrùn ṣe wí, kí ooru ọ̀sán má bàa pa èèyàn níta, kò sì ní sí èyí tó máa ṣí títí fèrè ìrọ̀lẹ́ yóò fi dún. Nítorí náà, bí Ìbídùn tilẹ̀ fẹ́ lé e jáde, kò síbi tó máa lé e gbà. Ó bọ́ ẹ̀wù fàdákà rẹ̀, èyí tí ìjọba fún àwọn ataja nìkan láṣẹ láti máa wọ̀ rìn nígboro láàárín fèrè kìíní àti ìkejì, ó ká a sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fìdí lé àga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. Sùnmọ́nù yìí kan náà o. Ẹni tó jẹ́ pé bí o bá fi àga lọ̀ ọ́, á ní ẹ jọ̀ọ́, òun ti jókòó wá látilé.

Ìbídùn ni olórí ìtajà nílé-iṣẹ́ Ìtura, àwọn tó ń ta àpótí òtútù tó ń mú yàrá tutù. Obìnrin tí kì í pariwo ni, ṣùgbọ́n àwọn ataja máa ń sọ pé bó bá ti dákẹ́ ni kí o wá ibi sá sí. Ó dákẹ́. Sùnmọ́nù ní kò sẹ́ni tó ṣẹ òun. Ó ní ilé Tíṣà Bùsàrí lòun ti ń bọ̀, àti pé bí òun ṣe kan ilẹ̀kùn tí ìyàwó Tíṣà yọjú, Alágbàsọ sọ sí òun létí pé kí òun kí wọn kú ara fẹ́ra kù.

"O wá kí wọn?"

"Mo kí wọn, Àǹtí. Ọjọ́ wo ni mo ti ń sọ ohun tó bá ní kí n sọ? Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀."

Obìnrin náà bi í pé ta ló kú. Tíṣà fúnra rẹ̀ sì wà lórí àga lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ó ń bó ọsàn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àbí òun ni wọ́n ti sin láìsọ fóun. Sùnmọ́nù tọrọ àforíjì títí ìtìjú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Fèrè kìíní tó dún ló gbà á sílẹ̀.

Ká má purọ́, bí kò bá sí Tíṣà Bùsàrí, kò ní sí Ìtura. Nígbà tí ooru kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn ní Òkè Ògùn, tí Ìbídùn àti Ọ̀gá Ọláìtán tó ni ilé-iṣẹ́ ń ti ọmọlanke kiri pẹ̀lú àpótí òtútù kan ṣoṣo lórí rẹ̀, gbogbo ìlú ló ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Tíṣà ló kọ́kọ́ rà. Ó gbé àpótí náà sí pálọ̀, ó pe gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n wá jókòó gba atẹ́gùn tútù, àwọn tó wá jókòó ló sì di oníbàárà tó tẹ̀ lé e, títí kò fi sí ilé tí kò ní àpótí mọ́. Ìbídùn kì í gbàgbé oore. Ọ̀rọ̀ tí Sùnmọ́nù sọ yìí bà á nínú jẹ́.

Ṣùgbọ́n Sùnmọ́nù ò tíì sọ èyí tó wá sọ. Ó ní kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan nìyí. Alágbàsọ ti ní kí òun kí ilé àwọn ahunṣọ òfì bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá àgbà ilé náà ti kú sínú yàrá. Wọ́n ní àpótí tó wà níbẹ̀ ló ṣàdédé dákẹ́, tí ooru sì pa á. Nígbà tí wọ́n sin òkú tán, gbogbo ẹbí ra àpótí tuntun, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé Màmá Fálílátù. Ilé-iṣẹ́ tilẹ̀ fún Sùnmọ́nù ní ẹ̀bùn ataja tó mókè jù, ó sì gbà á, ó fi ṣe ìkómọ, kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan.

"Àǹtí, ẹni tó ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, tó sì ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà, yálà ó ń rí i ni o, tàbí kó jẹ́ òun ló ń ṣe é. Èmi ò sì tíì gbọ́ ọ rí pé irin ń ríran."

Ìbídùn fẹ́ bá a wí pé kó yé sọ ìsọkúsọ. Òun ló kúkú kọ́ Alágbàsọ.

Nígbà tí Ìtura bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà tí àwọn ataja sì di púpọ̀, oníkálukú ló ń tà bó ṣe wù ú. Ọ̀kan á lọ sílé tí èkejì ti lọ. Òmíràn á dé ilé oníbàárà, á ti máa pe iye ọjà kó tó bọ́ bàtà. Ìbídùn ló jókòó tó pín ọ̀nà ìtajà sí ilẹ̀kùn mẹ́rin: mọ oníbàárà, kí i, fi ọjà hàn án, bá a ṣe àdéhùn. Ilẹ̀kùn kejì ló gbájú mọ́ jù. Ó ní ọmọ Yorùbá kì í bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kí dòwò pọ̀. Ó kó gbogbo ìkíni tó wà lédè fún Alágbàsọ, èyí tí à ń kí abiyamọ, èyí tí à ń kí onídìrí, èyí tí à ń kí aláró, èyí tí à ń kí ẹni tó ṣe ìnáwó, títí kan èyí tí à ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó ní kó máa tẹ́tí sí ohun tó ń lọ nínú ilé láti inú àpótí tó wà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé òun náà ló ń darí òtútù rẹ̀, kó wá ìkíni tó bá a mu, èyí tó bá sì ń mú kí wọ́n rà jù, òun ni kó máa lò jù. Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tà wàràwàrà. Inú gbogbo wọn dùn.

Ìgbà tó yá ni ẹjọ́ dé. Alágbàsọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi èèyàn kí. Ó ní kí wọ́n kí aboyún tí kò tíì bí kú ewu ọmọ, ó ní kí wọ́n kí ilé aláìsàn kú ara fẹ́ra kù nígbà tí aláìsàn náà ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́. Inú bí àwọn oníbàárà. Àwọn kan ní Ìtura ń purọ́, àwọn kan ní èpè ni wọ́n ń gbé kiri. Òfin ilé-iṣẹ́ ni pé kò sí ohun tó lè yí padà nínú ọ̀nà ìtajà àfi kí ohùn ọ̀gá àti ohùn olórí ìtajà pé lé e lórí. Ni àwọn méjèèjì bá dúró níwájú ẹ̀rọ Alágbàsọ tó wà lára ògiri ọ̀gá, Ìbídùn pàṣẹ pé ìkíni tí Ìtura bá ti kí ò gbọdọ̀ jẹ́ irọ́ mọ́, pé oníbàárà ò tún gbọdọ̀ gbọ́ irọ́ kankan lẹ́nu Ìtura, ọ̀gá rẹ̀ sì tún un sọ. Ẹjọ́ tán. Ìbídùn rò pé òun ti tún ilé ṣe.

Nísinsìnyí, ó mú Alágbàsọ lórí tábìlì, ó fi í sí etí ara rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Ìbídùn," ni ohùn náà wí. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni, bíi ti ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé.

Ó bi í pé kí ló dé tó fi ní kí wọ́n kí ilé Tíṣà bẹ́ẹ̀. Alágbàsọ ò fi ohunkóhun pamọ́. Ó ní ẹbí Tíṣà pọ̀, àpótí wọn ti gbó, wọn ò sì ṣe tán láti ra tuntun. Ó ní nínú gbogbo ìkíni tí wọ́n kọ́ òun, èyí tí à ń kí ọlọ́fọ̀ ló ń mú kí irú wọn tètè rà, nítorí ẹni tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ pa èèyàn rẹ̀ kì í ná ọjà.

"Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀."

"Kò tíì sí, Àǹtí. Ẹ ní ìkíni wa ò gbọdọ̀ jẹ́ irọ́. Mo ti ń dín òtútù yàrá Tíṣà kù díẹ̀díẹ̀. Kí fèrè ìrọ̀lẹ́ tó dún, ìkíni Sùnmọ́nù á ti di òótọ́."

Ẹ̀rù ba Ìbídùn. Ó ní kó dá òtútù Tíṣà padà kíá. Alágbàsọ fi ìrẹ̀lẹ̀ dáhùn pé ìyẹn á sọ ìkíni ilé-iṣẹ́ di irọ́, òfin sì nìyẹn, ohùn méjì ló lè mú un kúrò. Ìbídùn ní kó jẹ́ kóun bá Tíṣà sọ̀rọ̀. Oòrùn ọ̀sán máa ń mú kí gbogbo fóònù dákẹ́, inú àwọn àpótí nìkan ni ohùn ń gbà kọjá lásìkò yẹn. Alágbàsọ ní òun ti pè wọ́n, tọkọtìyàwó ti sùn lọ, ooru ló gbé wọn lọ, wọn ò gbọ́. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Nígbà yẹn, kò lè purọ́ fún un, torí oníbàárà ni òun náà, bíi gbogbo ìlú.

Ìbídùn sáré gun àtẹ̀gùn lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ọláìtán, Sùnmọ́nù tẹ̀ lé e. Ọ̀gá náà wà níwájú dígí, ó wọ agbádá, ó ń tún ọ̀rọ̀ tó máa sọ lálẹ́ kọ́ lẹ́nu. Bí fèrè ìrọ̀lẹ́ bá ti dún, àwọn aṣojú ìlú mẹ́sàn-án ń bọ̀, láti Kíṣì títí dé Ìgbòho. Bí ohùn òun àti ti Ìbídùn bá ti pé, Alágbàsọ á wọ gbogbo ìlú wọ̀nyẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí ọkùnrin yìí ti ń wá látọjọ́ ọmọlanke nìyẹn.

Ìbídùn ro ẹjọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò yà á lẹ́nu. Ohun tó dun Ìbídùn jù nìyẹn, pé kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ní òun ti fura tipẹ́, òun kàn ò béèrè ni. Ó ní àwọn arúgbó ń kú, oòrùn ló sì ń pa wọ́n, kì í ṣe Ìtura. Ó ní bí àwọn bá mú òfin yẹn kúrò lónìí, àwọn aṣojú á béèrè ohun tó fà á. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, ilé-iṣẹ́ kú nìyẹn, bí ilé-iṣẹ́ bá sì kú, gbogbo àpótí Ṣakí á dákẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ta ló máa kù?

"Ẹnì kan níhìn-ín, ẹnì kan lọ́hùn-ún, Ìbídùn. Gbogbo ìlú ló ń mí nítorí wa."

"Tíṣà Bùsàrí ni ẹnì kan náà lónìí, ọ̀gá."

"Mo gbọ́. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn."

Ó ti ń sọ̀rọ̀ Tíṣà bí òkú. Tíṣà tó wà láàyè, tí òórùn ọsàn ṣì wà léèékánná rẹ̀. Ìbídùn kúnlẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ kí èèyàn bẹ ọ̀gá ẹni, ó rán an létí ọjọ́ tí Tíṣà fún àwọn méjèèjì ní oúnjẹ jẹ nígbà tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n lójú ọ̀nà. Ọ̀gá Ọláìtán gbé apá agbádá rẹ̀ sórí èjìká, ó padà sídìí dígí. Ó ní kó dìde, kó lọ bọ́jú, kó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ já gaara lálẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á wá olórí ìtajà mìíràn.

Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Iná yìí ò tíì kan ara ọkùnrin yìí ni. Bí èrò náà ṣe wọ Ìbídùn lọ́kàn ló ti ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìyá Ọláìtán ń dá gbé nísàlẹ̀ òkè Àsàbàrí, àpótí tó tóbi jù nínú ọjà Ìtura ló wà nínú yàrá rẹ̀. Ìyá yìí ló gba Ìbídùn sílé nígbà tí kò ní ibi tó máa sùn sí, títí dòní ló sì ń fi wàrà ránṣẹ́ sí i, tó ń pè é lọ́mọ òun obìnrin. Ìbídùn fẹ́ràn ìyá náà ju bó ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu pẹ̀lú Alágbàsọ létí òun, tí ọmọ rẹ̀ sì ṣorí kunkun, òun lòun pa á. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ó tún wo ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀ nínú agbádá yẹn, ó rántí Tíṣà níbi tó sùn sí. Ó la ẹnu.

"Ọ̀gá, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ìyá ti lọ sinmi."

Ọ̀gá Ọláìtán yíjú padà, ó ní kí ló wí. Ìgbà náà ló rí Alágbàsọ létí rẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn dún láti ara ògiri, kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Mo gbọ́ yín, Àǹtí. Kò ní jẹ́ irọ́."

Ọkùnrin náà kígbe mọ́ ògiri pé kó dáwọ́ dúró. Ògiri bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ohùn kan ò tó. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí ilẹ̀kùn ìta, ó fà á, ó tì í, irin ni, kò mira. Bó tilẹ̀ ṣí, kò ní dé ìkóríta kí oòrùn tó dá a dùbúlẹ̀. Ó padà wá gbá Ìbídùn léjìká mú, ó pè é ní apànìyàn, ó pè é ní abatẹnijẹ́, ó ní ìyá tó fún un ní wàrà jẹ. Ìbídùn ń sunkún. Ó ní kó pe òun ní ohunkóhun tó bá wù ú.

"Ohùn yín ni mo fẹ́, ọ̀gá. Ẹ mú ohùn yín wá."

Ọ̀gá Ọláìtán wo dígí. Ó wo àga tí wọ́n ti tò sílẹ̀ fún àwọn aṣojú. Ìbídùn rí i tó ń rò ó, tó ń fi ìyá rẹ̀ wé ìlú mẹ́sàn-án. Kò sí ohun tó tíì já a láyà tó ìyẹn lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, èjìká ọkùnrin náà rọ̀, ó ní ó dáa, kí wọ́n ṣe é kíá.

Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri, bí wọ́n ṣe dúró lọ́jọ́sí. Ìbídùn fẹ́ kó yá, kò tilẹ̀ mí kó tó sọ ọ́. "Òfin tó ní a ò gbọdọ̀ purọ́ fún oníbàárà, a mú un kúrò." Ọ̀gá rẹ̀ tún un sọ tẹ̀lé e.

"Ó ti kúrò, Ọ̀gá. Ó ti kúrò, Àǹtí. Ẹ ṣeun."

Ọ̀gá Ọláìtán béèrè ìyá rẹ̀. Alágbàsọ ní ara ìyá le, òtútù ti padà sí yàrá wọn. Ọ̀gá ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn wọn. Kò pẹ́ rárá tí ohùn arúgbó náà fi jáde lára ògiri, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀, ó sì fi oríkì pe ọmọ rẹ̀.

"Àkànní, ṣé kò sí? Ara mi le o. Òtútù ló kù tó fẹ́ pa mí níbí."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín, ó fi agbádá nu ojú. Ìbídùn náà sáré ní kó fún òun ní Tíṣà. Tíṣà dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́ bó ṣe máa ń wúkọ́, ó ní ṣé wọ́n ṣì ń wá òkú òun kiri ni. Ara Ìbídùn wálẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Sùnmọ́nù ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. Ó sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè.

"Àǹtí, ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

Ìbídùn la ẹnu pé Tíṣà ni. Ìgbà náà ló yé e. Ọjọ́ pẹ́ tí àpótí yẹn ti wà nínú pálọ̀ Tíṣà, tó ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, tó ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí òfin kúrò, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tún sọ fún Alágbàsọ pé kó dá òtútù padà. Ohun tí àwọn méjèèjì fohùn sí ni pé ó lè máa purọ́.

Oòrùn ṣì wà lókè òrùlé, ìrọ̀lẹ́ ṣì jìnnà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Ọ̀gá Ọláìtán ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ọmọdé, ó ń bi í bóyá ó ti mu omi. Ohùn náà ní òun ti mu ún.